Òjò Inú Fíìmù

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ jẹ́ ká ti ilé sinimá yìí pa. Nǹkan kan ń gbé inú rẹ̀." Múfútàú, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò jẹ́ wọlé.

"Ó máa kó jáde fún mi ni, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́ ilé yìí, kì í ṣe òun."

Ìyá Dọ̀tun wọlé, ó tan ẹ̀rọ, ó sì dá jókòó sí àga iwájú.

Fíìmù kábọ́ì àtijọ́ ni, dúdú òun funfun. Òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, òjìji kún ojú pópó. Kábọ́ì ń dá lọ, ọkùnrin kan tó fi fìlà bojú sì ń yọ́ tẹ̀ lé e, tòun tìbọn. Láyé ọkọ rẹ̀, ibí yìí ni gbogbo èrò ìwòran ti máa ń kígbe kìlọ̀. Òun náà kígbe:

"Wo ẹ̀yìn rẹ!"

Kábọ́ì yíjú padà, ó tẹjú mọ́ Ìyá Dọ̀tun.

"Ìyá, ẹ wo ẹ̀yìn tiyín náà."

Onífìlà kò sí lójú fíìmù mọ́. Omi ń kán tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ìyá náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Irin ìbọn kan ké kà létí rẹ̀.

Kò wẹ̀yìn. Ńṣe ló so gèlè rẹ̀ le.

"Jókòó. Ẹni tó bá wọ ilé mi, á wo fíìmù tán ni."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àga ẹ̀yìn rẹ̀ dún, bí ìgbà tí ẹnì kan rọra jókòó.