Okùn Tó Wà Létí Òkun

Wajdi ti sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta pé etí òkun Mahdia gùn, pé ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí kò lóǹkà. Yosra ìyàwó rẹ̀ gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sọdá okùn funfun tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ta sórí iyanrìn, ó sì gún agboòrùn náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga àwọn àlejò.

Ìsinmi wọn àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ẹ̀rọ amúlétutù ni Wajdi ń tún ṣe ní Tunis, olú ìlú wọn, ìgbà ooru sì ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ló fi gba ọjọ́ méje. Bizerte ló fẹ́ kí wọ́n lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní yàrá tó ṣófo. Yosra ní Mahdia ni, bí kò bá jẹ́ Mahdia kí kálukú jókòó sílé. Ará Gafsa ni, kò sì lẹ́nì kankan ní Mahdia tí Wajdi mọ̀. Àmọ́ Wajdi kò jiyàn. Obìnrin tó fẹ́ ẹ lójú àwọn ẹbí tó ní kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò ti lúwẹ̀ẹ́ ni yóò wá gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu.

Wọn kò tíì bọ́ bàtà Maisa, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn, tí fèrè fi dún. Ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀, àgbàlagbà kan tí aṣọ iṣẹ́ fẹ̀ jù lọ́rùn. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn ló dúró gbagidi, bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Wajdi nìkan.

“Ọ̀gbẹ́ni, sọ fún ìyàwó rẹ pé ibí yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé.”

“Ẹ má bínú, Bàbá, a ti fẹ́ máa—”

“A ò lọ síbì kankan,” ni Yosra wí, ó ń ká aṣọ ọmọ. “Sọ fún wọn pé okùn ni òtẹ́ẹ̀lì gbà wọ́n láti ṣọ́, kì í ṣe òkun.”

“Sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo ta okùn.”

“Sọ fún wọn pé ẹni tó ta á àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ọ̀kan náà ni wọ́n.”

“Ẹ̀yin méjèèjì ṣáà ń gbọ́ ara yín,” ni Wajdi wí. “Àbí tẹlifóònù lẹ fi mí ṣe ni?”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ẹ̀ṣọ́ á fọn fèrè, wọn á sún ní ìṣísẹ̀ méjì. Ẹ̀ṣọ́ á yí ẹ̀yìn padà, Yosra á sún padà pẹ̀lú ẹní, ọmọ àti bàrà olómi tí wọ́n rì sínú iyanrìn kó lè tutù. Eré ni Maisa pè é. Tí fèrè bá ti dún, á pàtẹ́wọ́, á máa tàgẹ́tàgẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fọn ọ́n.

Ìyá kan ké sí Yosra láti òdìkejì okùn. “Ọmọ mi, wá sọ́dọ̀ wa níbí jàre! Omi kan náà ni, iyọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀!”

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ibí ni mo fẹ́.”

Lọ́sàn-án, Yosra á bu kúsúkúsú ẹlẹ́ja, oúnjẹ àlìkámà wọn, sínú abọ́, á da ata sí i títí tí yóò fi pọ́n kankan, á fi aṣọ bò ó, á sì gbé e lọ sí ìdí òpó tí wọ́n so okùn mọ́.

“O ń bá bàbá arúgbó jà, o tún ń bọ́ ọ?” ni Wajdi bi í.

“Ìjà ò ní kí ebi má pa èèyàn.”

Lọ́jọ́ kìíní, bí abọ́ náà ṣe lọ ló ṣe bọ̀, èèrà ti bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó bọ̀ lófìfo, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìgbì gbé Maisa ṣubú. Kí Wajdi tó dìde, ẹ̀ṣọ́ ti kó sómi tòun ti bàtà, ó ti gbé ọmọ náà sókè. Wajdi ló gbé e fún, kò wo ìyá ọmọ náà. “Ẹ la ojú yín,” ló sọ, ó sì lọ. Fèrè kò dún mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, táì lọ́rùn nínú oòrùn yẹn.

“Mongi!” ló fi pe ẹ̀ṣọ́. “Ọ̀sẹ̀ kan gbáko làwọn àlejò mi ti ń fẹjọ́ àwọn wọ̀nyí sùn. Fa agboòrùn yẹn tu, kó o da ẹrù wọn sóde.”

Ẹ̀ṣọ́ náà kò mira.

“Ṣé o ti di odi ni? Àbí kí ni wọ́n fún ọ jẹ?”

Wajdi ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Yosra gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó sì dìde. Ó wo ojú ẹ̀ṣọ́ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láìrán ẹnikẹ́ni.

“Ẹ tu ú,” ni ó wí. “Ẹ tu ú lójú ọmọ yìí. A ò ní sá.”

Ẹ̀ṣọ́ náà jókòó sórí ẹní wọn pẹ̀sẹ̀, ó gbé Maisa lé itan, ó gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀, ó nawọ́ sí Yosra, ó ní, “Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí yóò lé e, ọ̀gá, mo ti lé ọmọ mi yìí kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan, n ò ní lé e kúrò létí òkun.”