Ohùn Tó Ń Pe Àwẹ̀ró

Ní Ìkìrun, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ojúlé dé ojúlé lèèyàn á ti máa gbọ́ ohùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn-ọwọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún àwọn tí kì í mọ ìgbà tí wọ́n bá yó: "Ó tó o." "Ẹ ti yó o."

Nínú ti Mopélọ́lá, ohùn ìyá rẹ̀ ló wà. Wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀ kí ìyá náà tó kú. Ọ̀rá ló pọ̀ lára Mopélọ́lá débi pé bí ara rẹ̀ bá ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òun ti yó, ọpọlọ kì í gbọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń bá a gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí, òun àti Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ ń jẹ iyán lọ́wọ́, àfi bí ọwọ́ Mopélọ́lá ṣe dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀.

Gbádébọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé o ti yó ni?"

"Ó jọ pé mo ti yó."

"Áà! Ara ẹ ti ń gbọ́ fúnra ẹ̀ nìyẹn! Bí nọ́ọ̀sì bá dé lọ́la, á bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ, á gbé e fún ẹlòmíì." Tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé abọ́ tirẹ̀ lọ fọ̀.

Mopélọ́lá wo ìlẹ̀kẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ń fi oríkì pè é mọ́ láyé, àfi ohùn ìyá rẹ̀ tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Ó bu òkèlè kan sí i, ó sì gbé e mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù ú jẹ.

Ohùn náà dún jẹ́ẹ́jẹ́: "Àwẹ̀ró mi, ó tó bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Màámi," ló wí, ó sì tún bu òmíràn.