Fìlà Orí Ọ̀gá

Ara ń ta Tàjú bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ń rọ́ lọ gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù Múyìwá, lódìkejì títì.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà làwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Múyìwá lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, Tàjú dúró ti ọ̀gá.

Fóònù dún. Múyìwá ni. "Tàjú, wá ká jọ ṣe é."

Tàjú pariwo kí ọ̀gá lè gbọ́. "Èmi kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ bíi tìẹ!"

"Ọmọ dáadáa!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà, ó fi ń fẹ́ra.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun orí rẹ̀ ni.

Tàjú kọ́ ló gẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá yára dé fìlà padà.

"Tàjú, ká má tan ara wa jẹ. Múyìwá mọ irun gẹ̀."