Ìlà Ọkàn Tí Ìjọba Rí

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ìjọba kò sì tíì rí ìlà ọkàn Bàbá Láṣebíkan lónìí. Bí aago bá lù láìrí i, àárín òkú ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Mojíròlá ń sáré tún àpótí ọkàn bàbá náà ṣe lójú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó ń fi ìlà ya bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi í ránṣẹ́ síjọba lójoojúmọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà oníṣẹ́ àpótí, àyà àti ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ lẹ wáyà mọ́ láti dán an wò. Ṣùgbọ́n ìdàrú tí iná mànàmáná ilé ń fà nìkan ló ń gbọ̀n rìrì lójú ẹ̀rọ náà. Ó wá a títí, kó tó rí i pé wáyà ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ padà. Kíá, ìlà ọkàn yọ tónítóní.

"Láṣebíkan wà láàyè," ni àpótí wí.

"Bàbá, wọ́n ti rí yín!" ni Mojíròlá kígbe.

Bàbá fọwọ́ pa àyà rẹ̀. "Ọmọ mi, o ò tíì so ó mọ́ mi."

Ẹnu Mojíròlá ò tíì pa dé tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fi tì gbàgà.

"Ọkàn yìí ti di ti Láṣebíkan," ni àpótí wí. "Mojíròlá kò ní ọkàn mọ́; ó ti kú. Àwọn tó ń gbé òkú ti wà lọ́nà."