Ẹja Tún Já Lọ

Ẹja tún já lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Brandvold, tí ó sanwó kí a mú un wá pẹja, fi ìbínú na ọ̀pá ìpẹja mọ́ omi odò Skeena ní Kánádà, yìnyín ara okùn rẹ̀ sì fọ́n ká.

"Delmer, ṣé ìwọ náà ni wọ́n ń pè ní afinimọ̀nà apẹja? Àwọn ẹja sítíìlìhẹ́ẹ̀dì ń gbé ìdẹ, n kò sì rí ọ̀kan mú!"

"Ẹ má bínú, sà. Òtútù a máa mú kí ẹnu ẹja le."

"Ẹnu tìrẹ ni ó le! Bí n kò bá fọwọ́ kan ẹja lónìí, màá sọ fún ọ̀gá rẹ, o ò sì ní níṣẹ́ mọ́ lọ́la."

Delmer kò ní iṣẹ́ mìíràn, ìgbà òtútù sì ti dé.

Ó wo inú odò. Àwọn ẹja tí ó ti inú òkun padà wá yé ẹyin lọ́dún yìí kò tó nǹkan. Òfin ní kí a dá èyí tí a bá mú padà sínú omi, ṣùgbọ́n ó ti rí púpọ̀ nínú àwọn tí a dá padà tí wọ́n kú, tí wọ́n sì léfòó.

"Fún mi ní ìdẹ mìíràn, jàre! Èyí tí ó mú!"

Delmer kọ ẹ̀yìn sí i. Ó yọ ìdẹ oníìyẹ́ tuntun kan, ó sì fi ẹ̀mú gé ṣóńṣó ìwọ̀ rẹ̀ kúrò, bí ó ti gé ti àkọ́kọ́ láàárọ̀.

Ó so ó mọ́ okùn.

"Ó mú bí abẹ, sà."