Búùtà Àmúdàtù

Àyàndìran ayàwòrán, bàbá Mánsúrù, ṣì wà láyé nígbà yẹn.

Àmúdàtù, ìyàwó tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́, nìkan ló ti kú. Òkú yìí gan-an sì ni Moróunkẹ́, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ tẹ̀lé e, ń jowú.

Kò sí àwòrán tí bàbá gbé jáde láti yàrá iṣẹ́ wọn ní Bódìjà tí búùtà Àmúdàtù kì í sí nínú rẹ̀.

Bákan náà ni gbogbo àwòrán ọ̀hún rí: búùtà pupa kan àti ọsàn méjì, wọ́n jókòó lórí búlúù tó tẹ́ rẹrẹ. Kò sí ọnà, kò sí òjìji, àwọ̀ ṣáá ni.

"Bàbá Mánsúrù, búùtà òkú lẹ tún yà? Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́?"

"Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Níbo? Àbí èmi ni ọsàn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àdìrẹ ẹlẹ́yẹ tí mo ró wọlé yín dàwátì, ẹ ò wá a. Ká ní búùtà yẹn ló sọnù, gbogbo Bódìjà ni ì bá gbọ́!"

Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ lọ, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ tí bàbá kú, kí àwọn abánikẹ́dùn tó dé, Moróunkẹ́ mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí yàrá náà. Ó ti búra pé búùtà òkú kò ní sùn nínú ilé náà mọ́.

Ó gbé e kúrò lórí tábìlì.

Àdìrẹ ẹlẹ́yẹ rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ́ tábìlì náà.

Bàbá ò ya ẹyẹ kan ṣoṣo lára rẹ̀ rí. Aró rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú sínú àwòrán, búlúù tó tẹ́ rẹrẹ yẹn.

Moróunkẹ́ rọra gbé búùtà padà sí àyè rẹ̀.