Kí Okùn Náà Já

Okùn ni Doyin kọ́kọ́ rí. Ó lọ gbé ìrẹsì nínú yàrá abẹ́ ilé wọn ní Wakefield, ó sì bá àpò dúdú kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Okùn tó nípọn ló wà nínú rẹ̀, tuntun, tí wọ́n ti ta ojóbó sí etí kan. Kò sí nǹkan mìíràn nínú àpò náà. Doyin dá a padà síbi tó ti mú un.

Láti ìgbà tí bàbá Túbọ̀sún ti kú ní Ìgbòho ni ọkọ rẹ̀ ti yí padà. Gbogbo ìlú ló sin àgbà ọdẹ náà, àfi Túbọ̀sún, àkọ́bí rẹ̀, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, tí kò lè kúrò ní Amẹ́ríkà. Kò sunkún. Bó bá ti ibi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dé, á jókòó sídìí fèrèsé, kò ní mira, kò ní sọ̀rọ̀, títí oúnjẹ á fi tutù níwájú rẹ̀. Lọ́fínńdà tí kì í fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti pa á tì. Lọ́jọ́ mìíràn á yà sí Parkchester lọ́dọ̀ Santiago, ará Puerto Rico tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì. Tó bá wálé, orí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti bó. Doyin bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kò sí nǹkan.

Ní Sátidé kan, Doyin ń fọ abọ́, ó bojú wo ẹ̀yìnkùlé. Túbọ̀sún dúró lórí àga lábẹ́ igi ńlá tó wà níbẹ̀. Ó ti so okùn náà mọ́ igi ní ọ̀gangan orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó dijú, ó fara rọ̀ ọ́, ó ń dán an wò bóyá ó lè gbé òun.

Ọwọ́ Doyin wà nínú omi títí omi náà fi tutù.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, Doyin rọra sọ̀rọ̀. "Mò ń lọ sí White Plains Road. Ṣé kí n ra ẹran ewúrẹ́ tí ẹ fẹ́ràn?"

"Má ra ẹran lọ́sẹ̀ yìí."

"Kí lẹ wá máa jẹ?"

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí Doyin ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, ẹ̀rù sì bà á. "Mo lá àlá bàbá mi," ni Túbọ̀sún wí. "Wọ́n ń retí mi ni."

Nọ́ọ̀sì ni Doyin. Níbi iṣẹ́, ó máa ń bi gbogbo aláìsàn tuntun bóyá wọ́n ń ronú láti pa ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bi wọ́n, kò sì nira fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó la ẹnu láti bi ọkọ rẹ̀. Yorùbá ló wá sí i lẹ́nu, ó sì pa ẹnu náà dé.

Ó pe Àǹtí Wùnmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Springfield Gardens.

"Má bi í o!" ni Wùnmí ké. "Èèwọ̀! Má fi ẹnu ara rẹ pe ikú mọ́ ọkọ rẹ. Ẹnu ìyàwó ilé lè di àfọ̀ṣẹ."

"Ṣé kí n ju okùn yẹn nù, Àǹtí mi?"

"Á ra òmíràn. Àbí kó wá lọ dúró sétí ojú irin subway? Ọgbọ́n la fi ń gbáyé, Doyin. Gbàdúrà, kó o sì fọgbọ́n ṣe é."

Doyin fọgbọ́n ṣe é. Agbẹ̀bí ló jẹ́ ní Ọ̀yọ́ kó tó wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ìyá ọmọ tó bá rán ojú ọgbẹ́ wọn kì í rí àpá. Túbọ̀sún wà níbi iṣẹ́ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi àpò dúdú náà. Ó la èèpo okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojóbó, ó fi abẹ gé fọ́nrán inú rẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, ó wá fi òwú dúdú rán èèpo náà padà. Ó fọwọ́ fà á wò. Kò já. Ẹni tó bá fi gbogbo ara so rọ̀ níbẹ̀ ni okùn á já mọ́ lára. Àga kò kúkú ga. Ẹsẹ̀ á dùn ún, ojú á tì í, á sì wà láàyè.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Túbọ̀sún jí ní kùtù, ó wẹ̀, ó gbé àpò náà há abíyá. Ọmọ ilé ọdẹ ni. Doyin ti mọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé bó bá ń jáde láàárọ̀, a kì í bi í níbi tó ń lọ.

"Ẹ tètè dé o," ló wí.

"Doyin, o ti ṣe sùúrù fún mi púpọ̀. Òní ló máa parí."

Ó dì mọ́ ọn, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ó ń ṣe Doyin bíi kó di aṣọ rẹ̀ mú. Ó rántí okùn náà, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Olúwa, jẹ́ kó já. Jẹ́ kí okùn náà já."

Kò sọ nǹkan mìíràn ní gbogbo àárọ̀ náà.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Santiago ni. Ẹrẹ̀ kún orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, kò sì lè wo ojú Doyin.

"Okùn yẹn," ló bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ṣé ó já?"

Santiago gbójú sókè. "Ó já."

Doyin wólẹ̀ síbi tó dúró sí, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "O ṣeun, Olúwa! O ṣeun, Bàbá! O gbọ́ tèmi!"

Santiago dúró títí ó fi dákẹ́, kó tó sọ fún un pé nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú tí àwọn méjèèjì jọ lọ, lórí igi, níbi tó ga ju òrùlé ilé yìí lọ, ni Túbọ̀sún ti jókòó nínú gàárì aláṣọ tí àwọn ọdẹ ibí fi ń so ara wọn mọ́ igi, tó jẹ́ pé okùn yẹn nìkan ló gbé e dúró, ó sì ti fa ọrun sí àgbọ̀nrín tó fẹ́ pa ní orúkọ bàbá rẹ̀ nígbà tí okùn náà já, tó fi orí sọlẹ̀, tí kò sì mí mọ́.